Akọ̀wé Tí Wọ́n Ń Wá Kò Sí ní Ìbàdàn

Ẹnu Ọwá, Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásàrì.

Bọ̀ọ̀dá Gàní,

Màmá ní kí n má fi ìkíni gígùn bẹ̀rẹ̀, torí inú wọn ò dùn. Wọ́n ní tí àwọn bá gbọ́ "mo kí yín púpọ̀púpọ̀" lẹ́nu mi, àwọn máa fa ìwé náà ya. Torí náà, gbogbo wa wà láàyè, òrùlé ò jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èmi náà sì ti ga débi pé mo ń tẹrí ba kí n tó wọ yàrá. Ìkíni ti parí.

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí mo ń kà á fún Màmá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fọ́fọ́. Mo kà á bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú redíò. Ẹ ní wọ́n ti gbà yín síṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ńlá kan ní Ìbàdàn níbẹ̀, ẹ ń wọ ẹ̀wù funfun, ọ̀gá yín tó ń ṣèwádìí ibà sì ti fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lé yín lọ́wọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni káàdì ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ àdúgbò kan wà: ọmọ tí ibà ń ṣe, ọmọ tí kò ṣe, àti ilé tí kálukú ń gbé. Màmá ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Múná, ìyàwó àgbà ilé wa, bẹ̀rẹ̀ sí jó lórí ìjókòó. Ẹ sì mọ̀ pé tí Ìyá Múná bá jó lórí ìjókòó, omi ọ̀sà ń mì títí dé Marina.

Ni mo bá kà dé ibi obìnrin tó wà ní ilé kejì sí tiyín. Ẹ ní ó ń mú ẹ̀fọn kiri àdúgbò kan náà, ó ń kọ iye ẹ̀fọn tó bá nínú yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ ní ó wá bẹ̀ yín pé kí òun fi ìwé ẹ̀fọn tòun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ibà tiyín, kí ẹ lè jọ rí kòtò omi tí ẹ̀fọn tó ń fi ibà pa àwọn ọmọ yẹn ti ń wá. Ẹ ní ẹ lé e. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìyí, mi ò fi ọ̀kan kún un: "Mo sọ fún un pé ohun tó wà lọ́wọ́ wa kò kàn án. Nígbà tó tún padà wá, mi ò tiẹ̀ dìde lórí àga."

Màmá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a, wọ́n jókòó lé e. Wọ́n ní, "Rábì, lọ mú gègé wá."

Nítorí náà, Màmá ló ń sọ ọ́, èmi ni mò ń kọ ọ́. Níbi tí ẹ bá ti rí "ìwọ", Màmá nìyẹn. Níbi tí ẹ bá ti rí "ẹ̀yin", èmi Rábì ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí èyí tí kì í ṣe tèmi gbá mi létí nígbà tí ẹ bá wálé.

"Gàníyù, Àkànní ọmọ mi. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí nígbà tí o wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. A ò sọ fún ọ torí ìdánwò rẹ. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ báyìí, kí o tó tún jókòó sórí àga yẹn. Àbúrò rẹ Ṣakírù fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Kì í ṣe pé a ò mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n. Kálukú tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀ ni."

Màmá ní èmi ni kí n sọ bó ṣe lọ, torí ojú mi ló ṣe. Wọ́n ní kí n má fi iyọ̀ sí i. Màá gbìyànjú.

Ẹ rántí Sẹ̀lí, ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Wàsíù, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé nígbà tí ẹ ń palẹ̀ mọ́ fún Ìbàdàn. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣakírù, bó ṣe kéré tó, ọkọ ni fún Sẹ̀lí. Èmi náà, ọkọ ni mí, mo sì ń jẹ oyè yẹn dáadáa, mo ń rán an lọ ra bọ̀ọ̀lì. Torí náà Sẹ̀lí sọ gbogbo wa lórúkọ tirẹ̀. Èmi ni Eyínfúnjowó. Ṣakírù, nítorí pé pẹ́ńsù kì í kúrò létí rẹ̀, òun ni Akọ̀wé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn tó ń ṣèwádìí ikọ́ ẹ̀gbẹ wọ agboolé wa. Màmá wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ta abọ́ tánganran, àwọn àgbà yòókù ti jáde. Sẹ̀lí nìkan ló wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ tutọ́ sínú ìgò kéékèèké. Gbogbo wa tò, a tutọ́. Ṣakírù ti ń wúkọ́ nígbà yẹn, ikọ́ tó lè jí àwọn òyìnbó Ìkòyí lójú oorun ọ̀sán. Ọkùnrin tó mú ìwé lọ́wọ́ bi Sẹ̀lí pé, "Kí lorúkọ eléyìí?" Sẹ̀lí kúnlẹ̀ díẹ̀. "Akọ̀wé ni, sà." "Bàbá rẹ̀ ńkọ́?" Sẹ̀lí ò jẹ́ dárúkọ bàbá ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Onílé ni, sà." Ọkùnrin náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Sẹ̀lí ṣe bí ìyàwó tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń ṣe. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí.

Ó pẹ́ díẹ̀, ọkùnrin mìíràn gun kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wa. Kò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó ń kígbe ka ìwé bí ẹni tó ń polówó epo òyìnbó: "Ta ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé nínú ilé yìí? Ikọ́ ẹ̀gbẹ wà lára rẹ̀. Kó wá sí ọ́fíìsì."

Bọ̀ọ̀dá, ẹ mọ àdúgbò wa. Ẹnu Ọwá ò nílò redíò. Kí ọkùnrin náà tó pa ẹnu dé, wọ́n ti gbọ́ ọ ní Ìdúmọ̀tà.

Ìyá Múná ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni Ìyá Múná ń pè ní Akọ̀wé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn wọ ilé yìí? Ẹ̀yin ni. Àwọn ò mọ Akọ̀wé mìíràn lábẹ́ ọ̀run. Wọ́n ní, "Akọ̀wé ọkọ mi? Akọ̀wé wà ní Ìbàdàn." Ọkùnrin náà ní, "Ó ti kó lọ?" Wọ́n ní, "Ó ti kó lọ." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn ti kó lọ sí Ìbàdàn, ó ká ìwé rẹ̀. Ṣakírù ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Iyanrìn mú táyà kẹ̀kẹ́ náà, Ṣakírù ló bá a tì í kó lè gbéra.

Nígbà tí Màmá gbọ́, wọ́n jókòó sórí ọjà tí wọ́n ń tà, orí abọ́ tánganran gan-an. Wọ́n gbà pé ẹ̀yin ni. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n wọ lọ́rì. Ṣé ẹ wá rí ìdí tí Màmá fi já lù yín nígbà yẹn? Ẹ kọ̀wé sí wa pé wọ́n gbé ẹja yíyan wá, pé wọ́n ń ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ yí, wọ́n ń gbé etí lé yín láyà lójú àwọn ọ̀rẹ́ yín, wọ́n ń ní kí ẹ wúkọ́ kí àwọn gbọ́. Ẹ bínú. Àyà yín mọ́ bíi ti ẹṣin. Màmá padà wálé, wọ́n ní irọ́ ni gbogbo àwọn onígò yẹn ń pa, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn fún wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n ariwo ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti ṣe tirẹ̀. Àwọn oníbàárà ń gba òdìkejì títì kọjá. Obìnrin kan tó ti ra abọ́ lọ dá a padà, ìka méjì ló fi mú un, bí ẹni mú òkú èkúté. Ní ilé kéwú, wọ́n ní kí Ṣakírù máa jókòó lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ni gbogbo ilé bá fẹnu kò: kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ nínú agboolé yìí. Tí àlejò bá wọlé, a máa lé Ṣakírù lọ sẹ́yìnkùlé. Màmá ń fún un lágbo, wọ́n ń fi àdí pa á láyà, wọ́n ń fi ìṣẹ́po aṣọ dí i lẹ́nu tí ikọ́ bá fẹ́ gbé e. Mo fẹ́ fo ibí yìí. Màmá ní kí n kọ ọ́.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ kejì wà tó ń ṣèwádìí aràn inú. Ilé ìwé àwọn Ṣakírù ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ gun òṣùwọ̀n, wọ́n ń kọ orúkọ wọn bó ṣe wà nílé ìwé: Ṣakírù, ọmọ ọdún méjìlá, Ẹnu Ọwá. Nọ́ọ̀sì wọn, Sístà Bọ́lájí, ọmọ àwọn Sàró kan tó ń gbé lẹ́bàá Marina, rí i pé gbogbo ìgbà tí Ṣakírù bá gun òṣùwọ̀n ló ń fúyẹ́ sí i. Wọ́n fún un lóògùn. Aràn jáde, ẹran ara ò padà. Sístà wá bá wa nílé. "Màmá, ọmọ yìí kì í wúkọ́?" Màmá wo Sístà lójú kòrókòró. "Nínú ilé tèmi yìí? Rárá o." Ṣakírù wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó di ẹnu ara rẹ̀ mú títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i báyìí. Ẹgbẹ́ kan mọ̀ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ wà nínú ìgò Akọ̀wé. Ẹgbẹ́ kejì mọ̀ pé Ṣakírù ń gbẹ. Àwa mọ̀ pé ó ń wúkọ́. Kò sẹ́ni tó bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ọmọ náà sì ń tán lọ lójú gbogbo wa.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ṣakírù ti wọ aṣọ funfun rẹ̀ láti lọ kírun. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀jẹ̀ bo àyà aṣọ náà. Ó wo ara rẹ̀, ó wo Màmá, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, mo ti ba aṣọ jẹ́."

Màmá ò sunkún. Wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òdì, wọ́n gba ọ̀dọ̀ Sístà Bọ́lájí lọ, èmi ń sáré tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní, "Sístà, mo parọ́ fún yín. Ó ń wúkọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti ń bá a jáde." Sístà ò bá wọn jà. Sístà ní ilé ìwòsàn ò ní bẹ́ẹ̀dì tó kárí, àwọn tí èsì itọ́ wọn ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà, tí wọ́n bá sì ní kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba itọ́ tuntun, ó máa pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn onígò ti dé ilé wa rí. Èsì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Sístà gbé ìwé òṣùwọ̀n tiwọn há abíyá, a forí lé ọ́fíìsì àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń tọ́jú káàdì níbẹ̀, Fílípù lorúkọ rẹ̀. Táì fún un lọ́rùn débi pé ojú rẹ̀ fẹ́ bọ́ sórí tábìlì. Kọ́kọ́rọ́ wà lára bẹ́líìtì rẹ̀. Sístà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, káàdì agboolé Bàbá Onílé ní Ẹnu Ọwá. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

"Ẹgbẹ́ wo lẹ ti wá?"

"Ẹgbẹ́ aràn."

Fílípù rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá wa ní kí n má fi han ẹgbẹ́ kankan títí ìwé tí àwọn ń kọ fi máa jáde. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀gá tiyín á fi tiyín hàn wá?"

Sístà wo ìwé abẹ́ abíyá wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀gá tiwọn ti sọ.

Màmá ní, "Ọmọ mi ló wà nínú ìgò yín."

"Kí lorúkọ rẹ̀, Màmá?"

"Ṣakírù."

Ó wo ìwé kan. "Kò sí Ṣakírù tí ikọ́ wà lára rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo la rí nínú agboolé yín, Akọ̀wé. Ó ti kó lọ sí Ìbàdàn, a ti pa káàdì rẹ̀ tì."

"Akọ̀wé tó wà ní Ìbàdàn, èmi ni mo bí i. Mo ti gbé etí lé e láyà. Nǹkan kan ò ṣe é."

"Ẹ wá fẹ́ kí n fi èsì Akọ̀wé fún Ṣakírù? Màmá, èsì àyẹ̀wò kì í ṣe aṣọ iléyá tí ẹ̀gbọ́n ń bọ́ fún àbúrò."

Màmá jókòó sórí bẹ́ńṣì. Sístà ló rọra bi wọ́n pé, "Màmá, lọ́jọ́ tí wọ́n wá gba itọ́, ta ló ń dáhùn?" Màmá ní, "Mi ò sí nílé. Sẹ̀lí ni." Wọ́n bá gbé ọwọ́ lé orí. "Sẹ̀lí. Ìyàwó ni."

Fílípù ní, "Ìyàwó ni báwo?"

"Ìyàwó ilé wa ni. Ṣé ìyàwó ń pe ọkọ lórúkọ nílé tiyín?"

Ó wo Màmá títí. Ó ní, "Àbúrò bàbá mi kan wà, Adúmáadán ni ìyá mi ń pè é. Mo ti dàgbà kí n tó mọ orúkọ rẹ̀." Ó wo ìlẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀. Ìlẹ̀kùn náà wà ní títì, a ń gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń ró nínú ibẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí, wọ́n á lé mi. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún."

Sístà ṣí ìwé tiwọn sílẹ̀ lórí tábìlì níwájú rẹ̀.

Fílípù ṣí i.

Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Sístà ń ka tiwọn, Fílípù ń fi ìka tọ tirẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá? Bẹ́ẹ̀ ni. Yàrá tó kọjú sí kànga? Bẹ́ẹ̀ ni. Àpá iná lẹ́yìn ọwọ́ òsì? Fílípù gbé ojú sókè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò dúró síbẹ̀. Sístà ka àwọn ọmọ mìíràn tó ń fúyẹ́ ní àdúgbò wa, Fílípù ń wá wọn lábẹ́ orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé fún wọn. Ọmọ méjì tún yọjú, tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti wá tì. Eyínfúnjowó náà wà níbẹ̀, kò sí nǹkan nínú ìgò tirẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo jókòó ti Màmá.

Wọ́n gba Ṣakírù wọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ẹ̀pẹ́ tí a kọ̀wé sí yín pé ó lọ lo họlidé, kò lọ Ẹ̀pẹ́ kankan. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún un. Ó ti wálé báyìí, ó ní ìdí òun ti di ajere. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún Màmá pé ká ní wọ́n mú un wá nígbà tí èsì ìgò yẹn kọ́kọ́ jáde, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan ì bá má bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ Ṣakírù nínú omi. Báyìí, tí àwọn ọmọ bá ń bẹ́ sínú ọ̀sà, èbúté ló ń jókòó sí, òun ló ń ṣọ́ aṣọ wọn.

Wọ́n lé Fílípù. Kò pé oṣù.

Èyí tó kù, Màmá ló ni ín.

"Àkànní, gbọ́. Èkíní. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kì í ṣe tìrẹ, kì í sì í ṣe ti ọ̀gá rẹ. Ọmọ kan na ìka, wọ́n gún un, ó sunkún. Ìyá rẹ̀ gbà á láyè torí wọ́n ní ó máa ṣe àwọn ọmọ lóore. Torí ìyẹn nìkan ni ẹ̀jẹ̀ náà fi wà lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá tì í pa, ẹ ti tan ìyá náà jẹ.

"Èkejì. Tí o bá ń kọ orúkọ ọmọ, bi ẹni tó ń dáhùn pé kí ni òun jẹ́ sí ọmọ náà. Bí ìyàwó ilé bá ni, dúró de ìyá ọmọ. Kọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, kọ ti ilé ìwé, kọ yàrá tó ń sùn, kọ àpá ara rẹ̀. Lọ bá obìnrin ẹlẹ́fọn yẹn, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe máa kọ ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ìwọ bá kọ ilé kan ní Ilé Alágbẹ̀dẹ, tí òun kọ ọ́ ní ilé oníbúlúù, ẹ lè kó gbogbo ìwé yín jọ sórí tábìlì kan, ẹ ò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ẹ̀kẹta. Mi ò ní kí o di ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀fọn ò nílò orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Fún un ní nọ́ńbà, fún un ní ilé àti yàrá, fún un ní iye ibà. Dókítà tó máa tọ́jú ọmọ àti ìyá tó bí i, àwọn yẹn ló máa gbọ́ orúkọ, inú yàrá sì ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ọkùnrin tó kígbe lẹ́nu ọ̀nà mi, òtítọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n igbe yẹn ló mú kí n máa fi aṣọ dí ọmọ mi lẹ́nu."

Ibí yìí ni Màmá ti dìde lọ bu omi mu. Inkì fẹ́ gbẹ lẹ́nu gègé mi. Wọ́n wá ní kí n bi yín bóyá ẹ ń jẹun, torí ẹni tó bá ń wọ ẹ̀wù funfun máa ń rò pé tíì àti búrẹ́dì ni oúnjẹ. Wọ́n ní kí ẹ má ra bàtà mìíràn lọ́dún yìí. Èmi ò rí ohun tó kan bàtà, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́.

"O máa ní ọ̀gá rẹ ń bẹ̀rù pé obìnrin yẹn á fi iṣẹ́ òun ṣorúkọ. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀gá rẹ ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi àti Ìyá Múná, páálí abọ́ kan náà la jọ ń gbà. Kálukú ń fi ọ̀dà sàmì sídìí tirẹ̀ kí a tó kó o pọ̀. A ò jà lórí rẹ̀ rí. Rábì ń rẹ́rìn-ín. A ti jà, àmọ́ kì í ṣe lórí ti ta ni. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé kí àwọn àti obìnrin náà jọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó ṣí nǹkan kan, pé ibà jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá rẹ, ẹ̀fọn jẹ́ iṣẹ́ obìnrin náà, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì máa wà lórí ìwé tó bá jáde.

"Ẹ padà sí àdúgbò yẹn náà. Àwọn tí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ká ní ẹnìkan jókòó tì mí, tó sọ ọ́ fún mi bí ẹ̀dá ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ẹ̀dá, mi ò ní lọ gbé etí lé ọmọ tí ara rẹ̀ le láyà ní Ìbàdàn, kí n fi ẹni tí ikọ́ ń pa sílẹ̀ nílé.

"Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Gàníyù. Kòtò tí obìnrin yẹn ń wá, omi máa kún un. Ẹ̀fọn ò ní dúró kí ọ̀gá rẹ kọ ìwé tán. Ọmọ kan wà nínú káàdì rẹ tí mo mọ̀ dájú pé ìyá rẹ̀ ń wò ó báyìí, tó ń sọ pé ara ọmọ òun á balẹ̀ tó bá dọ̀la. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé yìí bá dé, kí o tó wọ ẹ̀wù funfun yẹn, lọ bá obìnrin ẹlẹ́fọn. Kí i dáadáa. Bẹ̀ ẹ́ torí pé o ò dìde lórí àga. Kí ẹ̀yin méjèèjì wá jọ lọ bá ọ̀gá rẹ. Dọ̀bálẹ̀ fún wọn, sọ ti Ṣakírù fún wọn, mo yọ̀ǹda orúkọ ọmọ mi fún ìyẹn. Tí wọ́n bá gbà, Àlùhámdùlílàhì. Tí wọ́n bá kọ̀, lọ bá ẹni tó ju wọ́n lọ. Má ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́. Sọ ọ́ lójú wọn pé ibẹ̀ lò ń lọ."

Mo bi Màmá pé tí wọ́n bá wá lé yín ńkọ́, bí wọ́n ṣe lé Fílípù. Ó ti fẹ́ tó ọdún mélòó tí gbogbo ilé ti ń retí iṣẹ́ yìí. Ìyá Múná ti sọ fún gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó pé ẹ̀yin ni igbákejì dókítà. Màmá ní kí n kọ ọ́ bí àwọn bá ṣe sọ ọ́, kí n má yí i padà.

"Bí wọ́n bá lé ọ, má bẹ̀bẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ká ẹ̀wù wọn fún wọn, kí o wọ lọ́rì máa bọ̀ nílé. Wọlé bí o ṣe máa ń wọlé. Mi ò ní bi ọ́ pé kí ló dé, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí bi ọ́."

Ìyá rẹ ni.

(Rábì ló fọwọ́ kọ ọ́. Màmá ti ní kí n kà á padà fún àwọn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni.)